Sátẹ́láìtì wo ni kí ẹ fi ṣọ́ ilẹ̀ gbígbẹ? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

"Sátẹ́láìtì wo ló dára jù?" Ohun tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ máàpù máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ó dà bí ẹni tó wọ àgbẹ̀dẹ, tó ní kí wọ́n ta irin tó mú jù fún òun. Alágbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ bi í bóyá igi ló fẹ́ là ni tàbí irun ló fẹ́ fá. Àáké ò ṣeé fárí, abẹ ò sì ṣeé lagi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ojú tó wà lókè yìí rí.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ wò ni Sahel, àgbègbè tó wà láàárín aginjù Sàhárà àti ilẹ̀ olójò: Maradi àti Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger, Adágún Chad, àti àwọn ìpínlẹ̀ 11 ní Òkè Ọya tí ìjọba Nàìjíríà kà sí ojú ìjà pẹ̀lú aginjù. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí à ń sè ti ń wá, ibẹ̀ ni àlùbọ́sà àti màlúù ti ń bọ̀. Bí koríko ibẹ̀ bá tán, Òkè-Ògùn ni darandaran yóò kó ẹran wá. Ọ̀rọ̀ wa ni.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ rí, báwo ló ṣe tóbi tó? Ọjọ́ mélòó síra wọn ni ẹ fẹ́ máa rí i? Ọdún wo ni ẹ fẹ́ padà sẹ́yìn dé? Kò sí sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ kan tó borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ń ríran fínnífínní kì í kọjá lójoojúmọ́, èyí tó ń kọjá lójoojúmọ́ kì í rí ohun kékeré, èyí tó sì ti pẹ́ jù lókè ní àlàfo nínú ìwé ìrántí rẹ̀.

Pulọ́ọ̀tì mélòó ló wọ inú píksẹ́lì kan?

Píksẹ́lì ni àpótí tó kéré jù nínú àwòrán. Gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀, igi, iyanrìn, òrùlé páànù, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò pa pọ̀ di. Mítà 30 tàbí mítà 250 máa ń ṣòro fún èèyàn láti fojú inú wò, nítorí náà pulọ́ọ̀tì ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí gbogbo wa mọ̀.

| Ojú | Ìbú píksẹ́lì | Ní pulọ́ọ̀tì | Ìgbà tó ń padà wá | Ọdún tí àkójọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| AVHRR | kìlómítà 8 (àkójọ ewéko àtijọ́) | bíi 95,000 | ojoojúmọ́ | 1981 |
| MODIS | mítà 250 | bíi 93 | ojoojúmọ́ | 2000 |
| Landsat | mítà 30 (bíi 80 kí ó tó di 1982) | ọ̀kan lé díẹ̀ | ọjọ́ 16; ọjọ́ 8 bí méjì bá pawọ́ pọ̀ | 1972 |
| Sentinel-2 | mítà 10 | ìdá kan nínú méje | ọjọ́ 5 | 2015 |

Ẹ wo ìlà MODIS yẹn dáadáa. Abúlé kékeré kan pẹ̀lú oko tó yí i ká lè wọ inú àpótí méjì tàbí mẹ́ta. Òkìtì iyanrìn tó ń gun ògiri ilé ní agbègbè Yusufari, ní ìpínlẹ̀ Yobe, MODIS ò ní rí i láé, bó ti wù kí ẹ fẹ àwòrán náà tó.

Landsat àti Sentinel-2

Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ yín máa lò, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

Landsat ni àgbà. Oṣù keje ọdún 1972 ni èyí àkọ́kọ́ gòkè, bí ọ̀dá ńlá ọdún 1972 sí 1973 ṣe ń pa màlúù àti ọkà Sahel lọ́wọ́. (Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tó di AFRIGIST lónìí, kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán tí a yà láti òkè. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé nílẹ̀ wa níbí ni.) Bí ìbéèrè yín bá ní "kí ó tó di pé" nínú, bíi bí ilẹ̀ àbàtà Hadejia-Nguru ṣe rí kí wọ́n tó parí dáàmù Tiga ní 1974, Landsat nìkan ló lè jẹ́rìí sí i láàárín àwọn tó wà nínú tábìlì yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àléébù rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwòrán ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ò pọ̀ rárá láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí dé 1999. Sátẹ́láìtì ìgbà náà ò lè tọ́jú àwòrán púpọ̀ sára. Ibi tí ibùdó tó ń gba àwòrán bá wà nítòsí nìkan ló ń rí ohun kó sílẹ̀ fún. Ìkejì ni ti Landsat 7. Ẹ̀rọ kan bà jẹ́ lára rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2003. Bí ẹ bá ṣí àwòrán rẹ̀ ti ọdún 2005, ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń lọ sí etí, ìlà dúdú á bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, á máa fẹ̀ sí i, bí aṣọ tí eku ti fi eyín gé lọ́nà gbọọrọ. Nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán kọ̀ọ̀kan ló sọnù bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn jù ú nù o. Apá tó kù péye.

Sentinel-2 kéré lọ́jọ́ orí, àmọ́ ojú rẹ̀ mú ju ti Landsat lọ, ó sì ń padà wá kíákíá. Ìyẹn ṣe pàtàkì ní Sahel ju bí àwọn aláwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ṣe máa ń rò lọ. Òjò ibẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ọdún, inú oṣù wọ̀nyí sì ni koríko àti ọkà ń hù, tó ń ga, tó ń gbó. Láàárín ìgbà yẹn, Landsat kan ṣoṣo á kọjá bí ìgbà méje. Bí ìkùukùu bá bo mẹ́rin, mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ yín. Sentinel-2 á ti kọjá bí ogún ìgbà. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run là ò ní ṣàì bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

Ìmọ̀ràn tèmi: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ láti 2017 wá, tí Sentinel-2 ti di méjì lókè, Sentinel-2 ni kí ẹ lò. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, Landsat. Ẹ má kàn gbé àwòrán Landsat ọdún 1986 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sentinel-2 ọdún 2024 kí ẹ ní ẹ ti rí ìyípadà. Ojú méjèèjì ò gba ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá ní láti lo àwọn méjèèjì láti 2015 wá, àkójọ kan wà tí NASA ti bá yín tò, HLS lorúkọ rẹ̀. Ó sọ àwọn méjèèjì di mítà 30, ó sì mú àwọ̀ wọn dọ́gba.

Ojú tó gbòòrò: MODIS àti AVHRR

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi àwòrán méjì péré ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Lamprey fò lórí ilẹ̀ Sudan. Ó fi ohun tó rí wé máàpù ewéko ọdún 1958, ó sì kọ ọ́ pé aginjù ti sún wá sí gúúsù ní kìlómítà 90 sí 100 láàárín ọdún 17. Wọ́n pín in, ó di kìlómítà márùn-ún ààbọ̀ lọ́dún, ọ̀rọ̀ náà sì tàn dé ọ́fíìsì ìjọba káàkiri. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 tẹ̀ lé ọ̀dá líle. Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀dá ni wọ́n fi wé ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí dáadáa. Ulf Helldén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Lund ní Sweden padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán Landsat àti ẹsẹ̀ ara wọn, wọn ò sì rí aginjù tó ń rìn bẹ́ẹ̀.

AVHRR ló wá fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an hàn. Compton Tucker ti NASA àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé etí gúúsù Sàhárà lọ́dọọdún láti 1980 dé 1990. Láti 1984, ọdún ọ̀dá, sí 1985, etí aginjù náà padà sí àríwá ní kìlómítà 110 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ó ń wọlé, ó ń jáde, bí òjò bá ṣe rí. Ẹni tó bá ya àwòrán ní 1980 àti 1984 nìkan á kígbe pé ayé ti parẹ́. Ẹni tó yà á ní 1984 àti 1985 á ní ìṣòro ti tán. Irọ́ ni méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí píksẹ́lì ńlá fi ní iṣẹ́ tirẹ̀. MODIS ń kó àwòrán ojoojúmọ́ jọ, ó ń yan èyí tó mọ́ jù nínú ọjọ́ 16, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2000. Fún gbogbo ìpínlẹ̀ Jigawa tàbí Katsina, ẹ lè fa ìlà ewéko ogún ọdún lé, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán. Ẹ ó rí ọdún tí òjò pẹ́ kó tó dé, ẹ ó rí ọdún tó tètè lọ. Àwọn sátẹ́láìtì tó gbé MODIS ti ń darúgbó, VIIRS ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa pẹ́ kó yáa kọ́ VIIRS mọ́ ọn.

Àwọ̀ ewé nìkan kò tó

Ibí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù, ibí ni mo sì ti ṣe èyí tó dùn mí jù.

Ewé tutù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì máa ń da infurarẹ́ẹ̀dì, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí, padà sókè. NDVI, ìṣirò tí a fi ń wọn bí ewé ṣe tutù tó, kàn ń yọ èkíní kúrò nínú èkejì, á sì fi àpapọ̀ wọn pín in. Igbó kìjikìji lè dé 0.8. Ilẹ̀ Sahel tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ wà ní 0.1 sí 0.2. Níbi tí ewé ti pọ̀, ewé ló ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ewé ti fọ́n ká bí irun orí arúgbó, ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù: iyanrìn funfun ń sọ tirẹ̀, ilẹ̀ pupa ń sọ tirẹ̀, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà ń sọ tirẹ̀. SAVI, tí Huete gbé jáde ní 1988, fi nọ́ńbà kan kún ìṣirò náà, 0.5 ni wọ́n sábà máa ń lò, láti dín ohùn ilẹ̀ kù. Fún àwòrán Landsat tàbí Sentinel-2 lórí abúlé kan, SAVI ni mo ń yàn. Fún ìlà ogún ọdún lórí agbègbè ńlá, mi ò kúrò lórí NDVI, torí pé wọ́n ti tò ó sílẹ̀, gbogbo ayé sì lè fi tiwọn wé e.

Kò sí èyí tó mọ orúkọ ewé nínú àwọn méjèèjì. Mo fi àwọ̀ ewé sàmì sí ibì kan rí gẹ́gẹ́ bí pápá ìjẹko tó ti sọjí. Nígbà tí a débẹ̀, bomubomu ló kún ibẹ̀ bámú, ewé rẹ̀ nípọn, oje funfun ń kán lára èyí tí a já. Màlúù kì í fẹnu kàn án. Bàbá darandaran tó wà pẹ̀lú wa tọ́ka sí àwọn ẹran rẹ̀ tí wọ́n ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìdúró. Ilẹ̀ tí wọ́n ti jẹ ní àjẹrù ni bomubomu máa ń gbà. Ohun tí mo pè ní ìsọjí, ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà ti rẹ̀ ni.

Hadejia-Nguru le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà tí dáàmù Tiga àti Challawa Gorge ti wà lókè odò, omi kì í kún kó sì fà bíi ti àtijọ́ mọ́. Koríko omi tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla ti gba ojú omi. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó ń lé apẹja, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ọkà sì ń fi í ṣe ilé. Lójú sátẹ́láìtì, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí ibi tó dára tó o.

Lẹ́yìn náà, igi gao. Gao ń ṣe òdìkejì igi yòókù: á gbọn ewé dànù nígbà òjò, á sì wú ewé tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àgbẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ láàárín oko, kò ń dí oòrùn mọ́ ọkà. Ní Maradi àti Zinder, láti àárín àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ jẹ́ kí ọ̀mùnú tó ń hù lára kùkùté igi dàgbà dípò kí wọ́n máa gé e, àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ilẹ̀ tí igi ti padà sí. Bí ẹ bá lo àwòrán oṣù kẹsàn-án láti wá igi wọ̀nyí, ọkà bàbà àti jéró á ti bo gbogbo ilẹ̀, gao á sì wà ní ìhòòhò. Ẹ lo ti oṣù kọkànlá. Wọ́n ti kórè, koríko ti gbẹ, gao nìkan ló dúdú lórí iyanrìn, ọyẹ́ ò sì tíì gbé eruku dí ojú ọ̀run. Yíyan oṣù tó yẹ ju yíyan sátẹ́láìtì lọ nígbà mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ọ̀fẹ́ ò tó. Àwọn tó kà á ní 2020, tí Martin Brandt ṣáájú wọn, àwòrán tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà ni wọ́n lò, wọ́n sì rí igi tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 lórí ilẹ̀ mílíọ̀nù 1.3 kìlómítà níbùú lóròó, ní ibi tí ọ̀pọ̀ rò pé kò sí nǹkan kan. Owó gidi ni wọ́n ń fi ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ má rà á bí kò bá jẹ́ pé igi kọ̀ọ̀kan ni ìbéèrè yín. NigeriaSat-2 tiwa, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2011, ya àwòrán aláwọ̀ ní mítà 5 àti aláìláwọ̀ ní mítà 2.5, bí ohun tí ẹ ń wá bá bọ́ sí ìgbà tirẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ NASRDA, àjọ òfurufú Nàìjíríà, ní Àbújá.

Rédà: nígbà tí ìkùukùu bá dí ojú, tàbí tí koríko bá bo omi

Sentinel-1 kì í dúró de oòrùn. Ó ń rán ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tó padà wá, ìkùukùu àti òru ò sì dí i lọ́wọ́. Adágún Chad ni ibi tí ó ti wúlò jù. Ní 1963, omi rẹ̀ tó bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ní àwọn ọdún 1980, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́, látìgbà náà ló sì ti gbé orí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ omi tó padà yìí wà lábẹ́ koríko. Landsat á ní ewéko ni. Ẹni tó bá ka omi tó la ojú sílẹ̀ nìkan á ní adágún náà ṣì ń kú. Rédà lè gbúròó omi lábẹ́ ewé lọ́nà tí àwòrán lásán ò lè gbà ṣe é.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ ṣọ́ra fún un níbì kan. Iyanrìn gbígbẹ tó tẹ́jú kì í dá ìgbì padà sọ́dọ̀ rẹ̀, omi tó dákẹ́ náà kì í dá a padà, àwọn méjèèjì á sì dúdú bákan náà. Èèyàn lè tibẹ̀ fa adágún sí àárín aginjù. Ẹ gbé Sentinel-2 ti ọ̀sẹ̀ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ibi tó dúdú nínú méjèèjì, omi ni, ibi tó dúdú nínú rédà tó sì ń tàn nínú èkejì, iyanrìn ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n níbí, ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ gbà.

Òjò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́

Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni mú máàpù ìyípadà ewéko wá fún mi láìsí dàta òjò. CHIRPS ni mo ń lò: ó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, àpótí rẹ̀ tó bíi kìlómítà 5, ó sì pa bí ìkùukùu ṣe tutù tó pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ibùdó ìwọn-òjò kó jọ. Ẹ fa ìlà òjò àti ìlà ewéko sórí ìwé kan náà. Bí wọ́n bá jọ gòkè jọ sọ̀kalẹ̀, òjò ló ń darí. Bí òjò bá dára tí ewé sì ń dín kù lọ́dọọdún, ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀, kí ẹ lọ wádìí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò gbà ju ọ̀sán kan lọ, òun ló sì ń gba darandaran àti àgbẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn.

GRACE, tó ń wọn omi abẹ́ ilẹ̀ nípa bí ilẹ̀ ṣe ń fa sátẹ́láìtì sí, wà láti 2002 (GRACE-FO ló rọ́pò rẹ̀ ní 2018). Gbogbo agbada Chad ló lè sọ nípa rẹ̀, kì í ṣe kànga abúlé kan. Trends.Earth, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, wà fún ẹni tí ìjọba tàbí àjọ ní kó kọ ìròyìn ilẹ̀ tó bà jẹ́. Ó ti se ọbẹ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ orí dàta bíi ti MODIS ló dúró lé.

Bí mo bá wà ní ipò yín

Bí dàta fóònù lẹ ó lò, ẹ má gba àwòrán sílẹ̀. Àwòrán Sentinel-2 kan ṣoṣo lè sún mọ́ gígábáìtì kan. Ẹ fi Copernicus Browser wò ó, ẹ jẹ́ kí Google Earth Engine ṣe ìṣirò níbi tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wà, èsì nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Ẹni tó ń wo ìpínlẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: MODIS àti CHIRPS, láti 2000, kó má fo ọdún kankan. Ẹni tó ń wo òkìtì iyanrìn, oko tàbí igi ní abúlé kan: Sentinel-2, oṣù kọkànlá ọdọọdún, kó fi Landsat kún un bó bá fẹ́ mọ ti ìgbà àwọn bàbá. Ẹni tó ń wo omi: Sentinel-1 àti Sentinel-2 papọ̀, láìyọ ọ̀kan.

Bí àwòrán náà bá ti jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì lè má dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ sàmì sí bí ogún ojú ibi tó tutù àti ogún ojú ibi tó gbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ bá bulama, olórí abúlé náà, pẹ̀lú bírò. Òun àti àwọn ìyá tó ń ṣẹ́gi ni yóò sọ orúkọ ohun tó wà níbi kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà.